Ẹ Fi Ọwọ́ Ṣí Páìpù Tí Ó Dí, Ẹ Má Fi Ásíìdì Ṣí I

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ púlọ́ńbà lójú ẹlòmíràn, kí ó ní kí ni ó kan nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Páìpù omi ìdọ̀tí tí ó dí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ó ti balùwẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé wa lọ sínú gọ́tà. Bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera gan-an ni. Ọ̀nà tí a gbà ṣí irú páìpù bẹ́ẹ̀ lè mú àlàáfíà bá ilé, ó sì lè sọ ọmọ ẹni di èrò ilé ìwòsàn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Nígbà tí páìpù ilé yín bá dí, ẹ fi omi gbígbóná, ọṣẹ, wáyà, igi onírọ́bà àti sùúrù ṣí i fúnra yín, ní ọjọ́ kan náà tí ó dí. Ẹ má da ásíìdì sí i. Ẹ má da kọ́sítíìkì sódà sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú kòtò sọ́kàwé lọ. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ẹnu páìpù mu gẹ́gẹ́ bí ó ti bá ọ̀rọ̀ ìdílé mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí a ń gbé. Àwa tí a wà ní Ọjà'ba, ní Bẹ̀rẹ̀, ní Màpó àti ní Beyerúnkà, agboolé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú ilé wa. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa kọ́ wọn, kò sí páìpù nínú ilé. Omi ìwẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ògiri jáde, ilẹ̀ ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó kù ń bá àgbàrá lọ. Lẹ́yìn ìgbà náà ni a rọ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, tí a ri páìpù mọ́lẹ̀, tí ilé méjì mẹ́ta sì ń da omi sínú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ènìyàn sì ń pọ̀ sí i. Balùwẹ̀ tí a ṣe fún ìdílé kan, ìdílé mẹ́rin márùn-ún ni ó ń wẹ̀ níbẹ̀ nínú agboolé mìíràn. Páìpù kan náà ni, kò fẹ̀ sí i.

Ilẹ̀ wa tún jẹ́ ilẹ̀ olókè. Ẹ wo Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929, orí òkè ni ó jókòó sí tí ó ń wo gbogbo ìlú. Omi tí ó bá gba apá kan òkè yìí sọ̀kalẹ̀, odò Ògùnpa ni ó ń wá lọ. Èyí tí ó bá gba apá kejì, odò Kúdẹtì ni ó ń wá lọ. Nítorí náà, kò sí ilé kan tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Yorùbá ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní agboolé wa, ẹni kan ń da omi, ẹlòmíràn ni ó ń tẹ ẹrẹ̀.

Kí ni omi ìdọ̀tí tí ó dúró sílẹ̀ ń ṣe fún wa? Ìkíní, ó ń bí ẹ̀fọn. Láyé àtijọ́, bí wolé-wolé bá wọ agboolé, inú àmù ni ó kọ́kọ́ ń yọjú wò, ó ń wá tanwíjí. Àwọn ìyá wa a máa sáré da omi àmù nù kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n tanwíjí kì í gbé inú àmù nìkan. Àwọn ẹ̀fọn kan wà, àwọn tí ń kùn létí wa lóru tí wọn kì í jẹ́ kí a sùn, omi dúdú inú gọ́tà ni wọ́n fẹ́ràn láti yé sí. Bí ojú ọjọ́ bá móoru bí tiwa yìí, láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ẹyin náà ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Omi tí a bá fi sílẹ̀ lónìí, ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wá.

Ìkejì, ó ń gbé àrùn inú kiri. Onígbáméjì, táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, inú ìgbẹ́ aláìsàn ni wọ́n ti ń jáde, ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Omi tí a fi fọ aṣọ ìdí ọmọ àti omi tí a fi ṣan póò, ojú ihò balùwẹ̀ kan náà ni a ń dà wọ́n sí. Bí páìpù bá dí, tí omi yìí sì padà sórí ilẹ̀, ọmọ tí ń rá kò mọ̀, yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Ní 1991, onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 7,000 lọ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí kò ní fi ojú kékeré wo omi ìdọ̀tí mọ́.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwa nìkan ni. Ní ìlú London ní 1854, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 600. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow tọ ipasẹ̀ àrùn náà dé ẹ̀rọ omi kan ní òpópó Broad Street. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ wò lẹ́yìn náà, àṣírí tú. Ilé kan wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi náà tí ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn nínú rẹ̀. Ìyá ọmọ yìí ti da omi tí ó fi fọ aṣọ ìdí ọmọ rẹ̀ sínú kòtò omi ẹ̀gbin ilé wọn. Bíríkì kòtò náà àti ti ọ̀nà omi rẹ̀ ti jẹrà, omi ẹ̀gbin sì ń jò lábẹ́ ilẹ̀ lọ sínú kànga tí gbogbo àdúgbò ń pọn. Ẹ kíyè sí i: ìyá náà kò ṣe ibi sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà omi tí ó bàjẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ wá wo agboolé tiyín. Báwo ni kànga ṣe jìnnà tó sí balùwẹ̀ àti sí ṣálángá? Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó ní kí ó tó mítà 30 láàárín kànga àti kòtò ẹ̀gbin. Ní Beyerúnkà tàbí ní ẹ̀yìn Ọjà'ba, níbi tí òrùlé ti ń kan òrùlé, agboolé díẹ̀ ni ó lè rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àyè kò sí, a ní láti máa se omi kànga kí a tó mu ún, a sì ní láti rí i pé páìpù omi ìdọ̀tí wa kò dí, kò sì jò. Nítorí ìdí yìí ni inú mi kò fi dùn sí àwọn tí ń da ásíìdì sínú páìpù. Ásíìdì a máa jẹ sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó ń fi í ṣí páìpù lónìí lè máa la ọ̀nà fún omi ẹ̀gbin lọ sínú kànga rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń dí páìpù wa ná. Iyanrìn ni àkọ́kọ́, tí a fi ń fọ ìkòkò, tí òjò sì tún ń gbá wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni láílọ́ọ̀nù: ọ̀rá omi tí àwọn ọmọ mu tán, èyí tí a fi di ọṣẹ, èyí tí a fi di iyọ̀. Irun wà níbẹ̀, pàápàá àtáṣímẹ́ńtì tí àwọn ọmọbìnrin tú nù. Èérún kànìnkànìn wà níbẹ̀, àkísà wà níbẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tà, gbẹ̀gìrì, èérí ògì àti epo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọdún Iléyá bá sì kọjá, ọ̀rá àgbò tí a fi omi gbígbóná ṣàn kúrò nínú ìkòkò yóò lọ tutù sínú páìpù, yóò sì dì bí àbẹ́là.

Kọ́sítíìkì sódà lè jẹ ọ̀rá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń se ọṣẹ dúdú kò ní jiyàn èyí, nítorí omi eérú àti àdín ni a ń sè pọ̀ tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Irú ohun kan náà ni kọ́sítíìkì ń ṣe fún ọ̀rá inú páìpù. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ iyanrìn. Kò lè jẹ láílọ́ọ̀nù. Nínú agboolé wa, iyanrìn àti láílọ́ọ̀nù ni ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó da kọ́sítíìkì sí irú páìpù bẹ́ẹ̀ ti ná owó rẹ̀ lásán. Bí omi kò bá sì rí ọ̀nà gbé e lọ, ó lè dì sínú páìpù bí òkúta, kí ọ̀kan di méjì.

Ewu ara ni ó wá burú jù. Bí kọ́sítíìkì bá kan omi, ooru ńlá ni ó ń mú jáde, ó sì lè hó sókè lójijì. Ásíìdì tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí omi ti dúró sí, tí ó ń da ásíìdì sí i, ojú ara rẹ̀ ni ó gbé síwájú iná. Àwọn mìíràn tún ń da omi bílíìsì, tí a fi ń fọ aṣọ funfun, lé ásíìdì lórí kí ó lè yá. Afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde níbẹ̀. Bílíìsì àti ìtọ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ pàdé nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, nítorí èéfín tí wọ́n jọ ń mú jáde a máa ta ènìyàn lójú, a sì máa fún un láyà. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Èyí tí ó ń dùn mí jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó ra ásíìdì tàbí tí ó po kọ́sítíìkì, nǹkan wo ni ó ń rọ ọ́ sí? Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ike omi ni. Ó lò ó tán, ó kù díẹ̀, ó gbé e sí kọ̀rọ̀. Ọmọ dé láti ibi eré, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí ìgò, ó gbé e sẹ́nu. Ní dísípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ọmọ kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta wá bá wa lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ ti wú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sunkún já geere. Wọ́n ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu nílé kí wọ́n tó gbé e wá. A sáré fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ojú egbò inú ọ̀fun rẹ̀ san tán, ó sún kì, oúnjẹ kò kọjá mọ́. Oṣù púpọ̀ ni ó fi ń gba oúnjẹ láti inú rọ́bà tí wọ́n fi sí i níkùn. Páìpù balùwẹ̀ là, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ dí. Ẹ̀yin òǹkàwé, pàṣípààrọ̀ wo nìyẹn?

Nítorí náà, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí yín, ẹ rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má mú un bì, nítorí ohun tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ó tu ú dànù, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú ìgò tí ó mu nínú rẹ̀. Bí ó bá dà sí ara, ẹ bọ́ aṣọ kúrò, ẹ gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ nù bí ó bá jẹ́ gbígbẹ, kí ẹ sì máa da omi púpọ̀ sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ó bá kan ojú, ẹ la ìpéǹpéjú, kí ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn án bákan náà, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ má sì fún ọmú sí i.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní, "Nọ́ọ̀sì, omi gbígbóná kì í ṣí i, ásíìdì ni ó ń yá." Mo dáhùn pé ohun tí ó ń yá kọ́ ni ó ń tó. Èmi kò ní kí ẹ fi páìpù sílẹ̀ ní dídí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà ẹ̀sọ̀ ń ṣiṣẹ́, bí a bá tẹ̀lé e létòlétò. Bí a ti ń ṣe é nìyí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ bi gbogbo ará ilé bóyá ẹnìkan ti da ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì sí i. Bí ó bá ti dà á, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì sọ fún púlọ́ńbà tí ẹ bá pè kí òun náà lè ṣọ́ra. Bí kò bá sí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Bí kò bá sí ìbọ̀wọ́, ẹ fi láílọ́ọ̀nù tí kò lu wé ọwọ́ ní ìlọ́po méjì. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é, nítorí ìtọ̀ eku wà nínú omi náà, àfọ́kù ìgò àti abẹ́ sì lè wà nínú ẹrẹ̀. Kí àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì da omi mìíràn sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí ó ti dí gan-an. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni kò gba omi, ìtòsí ihò náà ni ìdí wà. Bí balùwẹ̀ àti síńkì bá jọ dí pọ̀, páìpù àpapọ̀ ni ó dí. Ẹ má ti òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí páìpù ti yọ ẹnu sínú gọ́tà. Lọ́pọ̀ ìgbà ní àdúgbò wa, iyanrìn gọ́tà ni ó ti bo ẹnu páìpù mọ́lẹ̀. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì kò ní pẹ́ ṣí i, omi yóò sì máa lọ.

Bí ẹnu ìsàlẹ̀ bá mọ́ tí omi kò sì lọ, ẹ padà sókè. Ẹ ṣí asẹ́ ojú ihò, kí ẹ fi ọwọ́ yọ irun àti láílọ́ọ̀nù tí ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbọ́n omi tí ó dúró kúrò sínú garawa. Lẹ́yìn náà, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ rọra dà á sí i. Kí omi náà gbóná tí ọwọ́ kò fi ní lè pẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ èyí tí ń hó lórí iná, nítorí omi híhó a máa sọ páìpù oníke di rírọ̀, a sì máa tú oríkèé rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ọ̀rá tí ó dì lè yọ́.

Igi onírọ́bà ni ó kàn. Igi kúkúrú ni, ó ní rọ́bà bí ife tí a dojú rẹ̀ dé ní ìdí, wọ́n sì ń tà á ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta páìpù. Ẹ fi àkísà tútù dí gbogbo ihò mìíràn tí ó bá páìpù náà tan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agbára yín yóò gba ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ bo rọ́bà náà mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fà á, ní bí ìgbà ogún. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fà á sókè lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára. Bí omi bá fi ohùn gbé ara rẹ̀ mì gbùn-ún, ó ti là nìyẹn. Bí kò bá là, ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Bí ó bá ṣì ń ṣe agídí, ẹ mú wáyà líle, kí ẹ ká ẹnu rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja kékeré. Ẹ tì í wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i bí ó ti ń lọ, bí ó bá sì ti kọ́ nǹkan, ẹ fà á jáde. Mo tún un sọ: ẹ fà á jáde, ẹ má tì í lọ. Ohun tí ẹ bá tì lọ, iwájú ni yóò ti lọ dí, bóyá lábẹ́ ilé aládùúgbò yín. Fún páìpù tí ó gùn, ẹ fi ọparun tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ gba ti ìsàlẹ̀ wọlé, kí ẹlòmíràn máa da omi láti òkè.

Síńkì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ ó rí páìpù kan lábẹ́ rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Ará Scotland kan tí ń ṣe aago ní London, Alexander Cumming, ni ó fi irú páìpù títẹ̀ báyìí sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1775. Omi díẹ̀ a máa dúró nínú ọrùn náà nígbà gbogbo, òun ni kì í jẹ́ kí òórùn àti aáyán gba inú páìpù wọlé. Àwọn kan ń gé e kúrò nítorí pé ó ń dí. Ẹ má gé e. Ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ dá a padà.

Nígbà tí ó bá là, ẹ da garawa omi méjì mẹ́ta sí i kí ó lọ geere. Ẹrẹ̀ tí ẹ kó jáde, ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kí òjò má tún gbá a padà, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tí a ń kó lọ. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti apá dé ìgùnpá, kí ẹ fọ aṣọ tí ẹ wọ̀. Ẹni tí nǹkan bá gún nídìí iṣẹ́ yìí, kí ó lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ó má dúró di ọ̀la.

Ibì kan wà tí ọwọ́ ara ẹni gbọdọ̀ dúró. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò là, tàbí tí kòtò sọ́kàwé ti kún, ẹ pe púlọ́ńbà tàbí àwọn tí ń fi ọkọ̀ fa ẹ̀gbin. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò náà, ẹ má sì rán ọmọ iṣẹ́ wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Bí ó bá pọ̀, imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ènìyàn yóò sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá kó wọlé láti gbà á là yóò ṣubú tẹ̀lé e. Owó tí a fún òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tó owó pósí.

Ẹlòmíràn tún ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni gọ́tà. Òótọ́ ni pé gọ́tà ojú títì jẹ́ ti ìjọba, ó sì yẹ kí ìjọba ṣe é, kí a sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n páìpù tí ó ti balùwẹ̀ wa dé gọ́tà, tiwa ni. Ìkún omi Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 gbé ènìyàn tí ó ju 100 lọ, òmíràn sì tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011. Òjò ńlá ni ó rọ̀ ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí ó ti dí ojú odò kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Láílọ́ọ̀nù tí ó wà nínú Ògùnpa kò bọ́ láti ojú ọ̀run. Ilé wa ni ó ti jáde.

Ẹ̀yin Mọ́gàjí àti ẹ̀yin baálé ilé, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ fi asẹ́ sí ojú gbogbo ihò. Kí ẹ̀yin ìyá mi tí ń se oúnjẹ fi ìwé nu epo àti ọ̀rá kúrò nínú ìkòkò kí wọ́n tó fi omi kàn án. Ẹ pín ọjọ́ láàárín ìdílé, kí ẹnìkan máa da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí páìpù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa yẹ ẹnu rẹ̀ wò nínú gọ́tà. Ẹ ra igi onírọ́bà kan fún gbogbo agboolé, kí ó máa wà ní ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ pa á láṣẹ pé ásíìdì àti kọ́sítíìkì kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò mímu ní agboolé yín, ìbáà ṣe fún páìpù, ìbáà ṣe fún ọṣẹ sísè. Bí ẹ bá ní èyí tí ẹ ń lò fún iṣẹ́ òòjọ́, ẹ tì í mọ́ inú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́.

Kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Páìpù tí ó ń mu omi lọ́ra lónìí, òun ni yóò dí pa lọ́la. Ẹ dìde sí i kí ó tó di bẹ́ẹ̀.